Ibi Tí Ìmọ̀ Ń Sá Sí Nígbà Tí Ẹ̀rù Bá Dé

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Níbo ni ohun tí ènìyàn mọ̀ máa ń wọ̀ lọ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ohun tó o mọ̀ lánàá, tó o tún máa mọ̀ lọ́la, tó wá pòórá ní ìṣẹ́jú tí wọ́n nílò rẹ̀ gan-an, ta ló gbé e? O mọ̀ mí. Mo máa ń kọ irú ìbéèrè báyìí sínú ìwé mi lóru, màá sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ láìdáhùn. Èyí kò ṣeé fi sílẹ̀, nítorí pé tìrẹ ni mò ń rò, èmi sì ni mo mọ apá kan nínú ìdáhùn rẹ̀.

Ìyá rẹ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi nígbà tó ti ọ̀dọ̀ rẹ dé láti Kraké. Ó ní bí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, wàá dá kọ́kọ́rọ́ bùró tí ẹ ti ń kọ ìwé ẹrù ní ẹnubodè padà fún ọ̀gá rẹ, wàá sì wá máa bá òun jókòó ní ìsọ̀ abọ́ òun ní ọjà Ouando. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ tí gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ lé lórí náà nìyẹn. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù méjèèjì fún mi: bí o ṣe ń da nọ́ńbà ọkọ̀ kọ sórí ìwé ẹrù, tí fóònù ń dún, tí àwọn awakọ̀ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìwé ọkọ̀ tòmátì sì bá ọkọ̀ táìlì lọ. Ó ní tòmátì jókòó sí ẹnubodè lábẹ́ oòrùn títí ó fi ń ṣomi.

Mo ní ṣé Àlájà tó ni tòmátì bú ọ ni. Ìyá rẹ ní rárá. Ó ní Àlájà wo agbọ̀n, ó wo ojú rẹ, ó ní: "Ọmọ mi, tòmátì ló jẹrà. Ìwọ má bá a jẹrà." Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó gba oorun lójú mi. Ó ní bí òun ti ń pàrọwà fún ọ, ohun tó o fi dá òun lóhùn ni pé: "Ìyá mi, ẹ má da ara yín láàmú. Bàbá ti sọ fún mi láti kékeré pé orí mi kò gba nǹkan. Olùkọ́ ṣáà ni wọ́n, wọ́n mọ̀."

Ìyá rẹ ń to abọ́ lé ara wọn, kò wo ojú mi. Ó ní: "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn rù ú. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ lọ bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ìdí tí mo fi jókòó ti lẹ́tà yìí nìyẹn. Bàbá tó bá kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ìmọ̀ràn ló yẹ kó kọ sí i, màá sì gbìyànjú láti gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni màá kọ́kọ́ kọ, nítorí bí n kò bá kọ ọ́, ìmọ̀ràn yòókù kò ní lẹ́sẹ̀.

Ṣé o rántí tábìlì tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí mo ti máa ń bi ọ́ ní ìṣirò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́? Ní Faransé ni mo ń bi ọ́, nítorí Faransé ni wọ́n máa fi bi ọ́ ní ilé-ìwé. Rúlà máa ń wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé n kì í sábà nà ọ́, òótọ́ sì ni. Tábìlì ni mo ń fi rúlà náà gbá bí mo ti ń dúró de ìdáhùn. Ṣùgbọ́n rúlà yẹn lo máa ń wò. Mo rí i pé òun lo ń wò, n kò sì gbé e sílẹ̀. Nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí ọ lẹ́nu lo máa ń dá, èmi á sì ní: "Olódo. Ọmọ olùkọ́, olódo." Nígbà tó yá, o kò dáhùn mọ́ rárá. Wàá kàn máa wo rúlà.

Lọ́jọ́ kan mo kọjá ní ọjà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìyá rẹ ń bá oníbàárà mìíràn sọ̀rọ̀, ìwọ sì ń ta abọ́ fún obìnrin kan tó wá láti Avrankou. Mo dúró sẹ́yìn agboòrùn, o kò rí mi. Obìnrin náà ń rà á ní oríṣiríṣi, ó ń yí ọkàn padà, ó ń dá èyí padà, ó ń mú tọ̀hún, ìwọ sì ń bá a ṣírò rẹ̀ ní Gùn, èdè ọjà wa, o ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ ń di abọ́ mọ́ inú ìwé ìròyìn. O kò ṣì í. Irú ìṣirò tí kò jáde lẹ́nu rẹ ní tábìlì mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni, èyí sì le jù ú lọ.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Àbẹ̀kẹ́, inú bí mi ni. Mo rò pé ńṣe lo ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, pé o mọ̀ ọ́n, o kàn ń ṣe agídí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lo rúlà náà lára rẹ, o kò sì mọ ohun tó o ṣe. Ẹ̀rí pé orí rẹ pé wà níwájú mi gbangba, mo sì sọ ọ́ di ẹ̀sùn. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó bó ṣe rí gan-an.

Kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀? Bi àwọn òbí tí mo kọ́ ọmọ wọn ní Akpro-Missérété, wọn á sọ fún ọ pé Olùkọ́ ní sùúrù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni sùúrù mi máa ń pin sí. Ohun tí mò ń gbé wálé ni ìbẹ̀rù ohun tí àwọn ará àdúgbò máa wí bí ọmọ olùkọ́ bá kùnà. Mo fi òwe bo ara mi: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kíkọ́ ni ohun tí mò ń ṣe yẹn.

Èyí tó wá burú jù ni pé mo mọ̀. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. O rántí ìtàn tí mo máa ń sọ fún yín, pé ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò wá wo iṣẹ́ mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́. Kò sí ibà kankan. Mi ò sùn, mi ò jẹun, mo ti ń tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ ara mi títí ó fi sú mi. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ká ẹsẹ̀ kọ́ra, ó ní kí n ṣe ìṣirò pínpín kan lójú pátákó. Ìṣirò tí ọmọ kékeré lè ṣe ni. Mo gbé ẹfun sókè, n kò sì rí nǹkan kan nínú orí mi. Bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ ló ṣófo. Ìró bàtà tí alábẹ̀wò ń fi gbá ilẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú rí i pé ojú ń pọ́n mi. Ó fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ ìdáhùn náà sí mi. Àánú ló ṣe é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ, mo sì kọ ọ́. Nígbà tí alábẹ̀wò lọ tán, mo ní kí ọmọ náà lọ kúnlẹ̀ síta nínú oòrùn, pé ó ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀kọ́.

Ara mi ti sọ fún mi nígbà yẹn pé ìmọ̀ kì í kú nígbà tí ẹ̀rù bá dé, pé sísá ló máa ń sá pamọ́, pé ẹni tó bá ń dúró lé ọ lórí ló ń lé e. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi ni mo ń dúró lé ọ lórí.

Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kà láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn. Àwọn ìwé kò fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé apá kan wà nínú ọpọlọ tí a máa ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa lé. Ó dà bí àtẹ kékeré. Nọ́ńbà tó ò ń dà kọ wà lórí àtẹ yẹn, orúkọ awakọ̀ wà níbẹ̀, ohùn fóònù wà níbẹ̀, èdè tó o ní láti yí sí òmíràn wà níbẹ̀. Àtẹ náà kò tóbi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìbẹ̀rù àti àníyàn pàápàá ń wá àyè jókòó sórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó, nǹkan mìíràn á bọ́ sílẹ̀. Èyí tó bọ́ kì í sì í ké, ìdí nìyẹn tí o kò fi mọ̀ títí ọkọ̀ fi lọ.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ parọ́ fún ọ pé gbogbo ìbẹ̀rù ló burú. Ìnira díẹ̀ máa ń jí ènìyàn. Awakọ̀ tí ewúrẹ́ bá já lù lójú títì kì í dúró ronú kó tó tẹ bíréèkì. Níbo wá ni ààlà wà láàárín èyí tó ń jí wa àti èyí tó ń fọ́ wa lójú? N kò mọ̀. Mo rò pé kò rí bákan náà lára ẹni méjì. Nígbà mìíràn mo tún máa ń bi ara mi bóyá ńṣe ni mò ń kó gbogbo ìwé wọ̀nyí jọ láti fi fọ ọwọ́ ara mi.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni ti ìkíni, nítorí mo gbà pé níbẹ̀ ni ìwé ọkọ̀ méjèèjì ti dàrú. Ìyá rẹ ní bí awakọ̀ kan bá ti yọjú, tí ó jẹ́ ará Porto-Novo, tí ó sì ju ọ́ lọ, wàá dìde nídìí kọ̀ǹpútà, wàá kúnlẹ̀, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀: ọmọ Olùkọ́, ṣé dáadáa lo wà, Bàbá ńkọ́, Ìyá ńkọ́, àwọn ará ilé ńkọ́. Wàá dá gbogbo rẹ̀ lóhùn lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó o bá padà jókòó, nọ́ńbà tó wà lórí ahọ́n rẹ ti lọ. Òmíràn á sì tún wọlé.

Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ pé ọmọ tó bá jẹ́ kí ìkíni àgbà bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ mi. N kò kábàámọ̀ pé mo kọ́ ọ ní ìkíni. Ohun tí mo gbàgbé láti kọ́ ọ ni èyí tí ìyá mi kọ́ mi: ẹni tó ru omi kì í kúnlẹ̀. Bí ọmọ bá ń ti odò bọ̀ tó ru ìkòkò omi, tó sì pàdé àgbà, àgbà náà ló máa kọ́kọ́ sọ pé, "Má wulẹ̀ kúnlẹ̀, gbé ẹrù rẹ délé ná." Kò sí ẹni tó ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, nítorí gbogbo ayé ló rí ìkòkò.

Ẹrù tí ìwọ ń rù wà nínú orí, kò sí ẹni tó ń rí i. Àwọn àgbà tó ń kí ọ kò mọ̀ pé omi ló wà lórí rẹ. Nítorí náà, ìwọ ni wàá sọ fún wọn. Má gbé ojú sókè, kàn sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù wà lórí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kí n tó kí yín dáadáa." Kọ nọ́ńbà náà parí. Lẹ́yìn náà dìde, kúnlẹ̀ dáadáa, kí wọn tilé tọ̀nà. Àgbà tó bá bínú sí ìyẹn, kó wá bá mi ní ilé.

Máa fi nǹkan sí abẹ́ ìlà tó o bá kọ dé, kí ojú rẹ lè rí ibi tó máa padà sí. Rúlà yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti mú un jáde kí n lè fi ránṣẹ́ sí ọ fún ìlò yìí, mo wá dá a padà. N kò mọ ohun tí ara rẹ máa ṣe bí o bá tún rí i. Páálí tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tó.

Èkejì, má ṣe jẹ́ kí ìwé ọkọ̀ méjì wà lórí tábìlì rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ kan bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, kí ìwé èkejì wà nínú dúrọ́ọ̀, kódà bí awakọ̀ rẹ̀ bá ń gbá ilẹ̀kùn. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bó o ṣe fẹ́ máa ṣe é nìyẹn, kó o sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìyá rẹ sọ fún mi pé kò tíì lé ọ, pé ó kàn bi ọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwọ sì ń sunkún dípò kó o sọ fún un. Sọ fún un. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi ni ó yẹ kí n máa wo ẹ̀yìn. Ìwọ, wo iwájú.

Jẹun kó o tó kúrò nílé. Sùn. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo bàbá máa ń sọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́: ẹni tó ti rẹ̀ kì í mọ bó ti rẹ òun tó. Orí tó yẹ kó sọ fún un gan-an ló ti rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó mutí yó tó ń lérí pé òun lè gun alùpùpù. Nítorí èyí náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kó o má fi orí tí kò sùn láti ọjọ́ tòmátì pinnu ohun tí ìgbésí ayé rẹ máa jẹ́.

Bí gbogbo nǹkan bá sì tún pòórá lójijì, bí ó ti ṣe sí mi níwájú pátákó, má sáré tẹ̀ lé e. Bí o bá ti ń lé e ni yóò máa sá. Dìde, mu omi, wo ìta, wo àwọn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, kó o sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní èdè Gùn, bó o ti ń ka abọ́ fún obìnrin Avrankou. Èmi tí mo ti máa ń sọ pé o kò gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà ní èdè ọjà nínú ilé mi ni mò ń sọ èyí. Èdè tí kò sí ẹni tó fi nà ọ́ ni kó o máa fi ṣírò.

Bí Ọlọ́run bá sì fún ọ ní ọmọ, tí ọmọ náà dákẹ́ níwájú rẹ nígbà tó o bi í ní ìbéèrè, kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ.

Mo fẹ́ sọ èyí láìfi òwe kankan sí i. Mo sọ fún ọ, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, pé orí rẹ kò gba nǹkan. Irọ́ ni. Nígbà tí mo sọ ọ́, n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dúró sẹ́yìn agboòrùn, ó yẹ kí n mọ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀. Orí rẹ pé. Ẹ̀rù mi ló ń bà ọ́.

N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ọmọdé lórí ṣeé fi lẹ́tà yọ kúrò nígbà tó ti dàgbà. Ó ṣeé ṣe kó má ṣeé ṣe. N kò bẹ̀ ọ́ pé kó o dárí jì mí kíákíá, nítorí ìyẹn náà á tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tí mo gbé fún ọ. Bí o bá sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, fi í sílẹ̀. Abọ́ títà kì í ṣe ìtìjú, òun ló bọ́ gbogbo wa ní oṣù tí owó ìjọba kò dé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò wù ọ́. Má fi í sílẹ̀ nítorí ohun tí ọkùnrin kan tó mú rúlà lọ́wọ́ sọ.

Èmi fúnra mi ni màá mú lẹ́tà yìí wá. Kẹ̀kẹ́nọ̀, alálùpùpù akérò tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, ti gbà láti gbé mi dé Kraké ní òwúrọ̀ Ajé yìí, kí ọ̀gá rẹ tó dé. Ìyá rẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí ló dé tí ẹni tó ń lọ fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ̀wé. Mo kọ ọ́ nítorí pé mo mọ ara mi. Bí mo bá dé iwájú rẹ, gbogbo ohun tí mo mọ̀ lóru yìí lè sá kúrò lẹ́nu mi. Bí o bá rí i pé mo dúró láìsọ̀rọ̀, gba ìwé yìí lọ́wọ́ mi, kó o kà á.

Bí mo bá sì wọlé tí mo bá ọ lórí iṣẹ́, má dìde. Má kúnlẹ̀. Kọ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ parí. Bẹ́ǹṣì tí àwọn awakọ̀ ń jókòó lé wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìyá rẹ sọ fún mi. Màá jókòó síbẹ̀, n kò sì ní gbá nǹkan kan.

Bàbá rẹ ni.

Àwọn àkùkọ àdúgbò ti ń kọ, mo sì ń gbọ́ tí ìyá rẹ ń fa omi. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti tó fún mi láti ka ohun tí mo kọ yìí. Mo ti pa àtùpà.